Ọmọ Erékùṣù Tó Gbá Bọ́ọ̀lù Sáwọ̀n Ju Gbogbo Áísílándì Lọ

Ọ̀pọ̀ wa ló rántí ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2018, nígbà tí Ahmed Musa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Áísílándì lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú Volgograd, tí igbe ayọ̀ sì sọ ní gbogbo ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà ní Nàìjíríà. Heimir Hallgrímsson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Áísílándì lọ́jọ́ náà. Oníṣègùn eyín ni, ọmọ Heimaey, erékùṣù kékeré kan láàárín àwọn erékùṣù Vestmannaeyjar ní gúúsù orílẹ̀-èdè wọn. Kí aráyé tó mọ orúkọ rẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ÍBV ló ń kọ́ ní erékùṣù yẹn.

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa Áísílándì nígbà náà ni pé orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ kò tó ìdajì mílíọ̀nù ti ṣe bẹbẹ. Wọ́n dé ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2016, wọ́n na Ẹ́ńgílándì níbẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n tún wà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bọ́ọ̀lù Áísílándì láti 2016 ti gbàgbé àwọn tó la ọ̀nà. Ọdún 2009 làwọn obìnrin wọn ti dé ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ọdún méje gbáko kí àwọn ọkùnrin tó débẹ̀. Ẹni tó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ fún orílẹ̀-èdè náà, ẹ kó ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ kẹ́ ẹ tó kà wọ́n, obìnrin ni, ọmọ Heimaey bíi Heimir sì ni. Margrét Lára Viðarsdóttir lorúkọ rẹ̀. Ayò 79 ló jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 124.

Ẹ fi èyí wé ti àwọn ọkùnrin tí a mọ̀. Eiður Guðjohnsen, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea àti Barcelona, ayò 26 ló jẹ fún Áísílándì. Gylfi Sigurðsson, tó ti wọ aṣọ Tottenham àti Everton, ló wá fi ẹyọ kan lé e, tó di 27. Ẹ ro ti àwọn méjèèjì pọ̀, kò tó ti Margrét Lára. Nínú àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá, Hólmfríður Magnúsdóttir, atamátàsé gidi tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, 37 ló ní nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè aláìlágbára ló sọ iye yẹn di ńlá. Mi ò ní jiyàn pé Áísílándì kò na ẹni tí kò lè dúró níwájú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ayò 12 sí òdo ni wọ́n fi na Ẹsitóníà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Gylfi gba ipò iwájú láàárín àwọn ọkùnrin ní 2023, Liechtenstein ni wọ́n ń bá gbá, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n yọ ti ọjọ́ yẹn kúrò nínú ìṣirò. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn ọkùnrin ni kí a fi wọn obìnrin. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn alágbára náà jìyà lọ́wọ́ Margrét Lára, kó bi àwọn ará Faransé léèrè. A ó dé ibẹ̀.

Ibi tó ti wá kọ́kọ́ yẹ kí a mọ̀. Erékùṣù apẹja ni Heimaey, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Lóru ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ilẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, iná bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú rẹ̀. Èèyàn bí 5,300 ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Orí ló kó wọn yọ: ìjì ti dá gbogbo ọkọ̀ apẹja dúró sí èbúté láti ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí náà ọkọ̀ wà nílẹ̀ láti kó wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kúrò ní erékùṣù náà. Òkúta yíyọ́ tó ń ṣàn bí omi gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé mì, ó sì ń lọ dí ẹnu èbúté pa. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi òkun, wọ́n ń tú u sórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ó fi tutù tó sì dúró. Nígbà tí iná kú tán, ọ̀pọ̀ ará ìlú padà, wọ́n ń hú eérú kúrò lórí ilé wọn. Eldfell ni wọ́n ń pe òkè tí iná náà hù, kò sì sí ọmọ Heimaey kan tí kì í rí i láràárọ̀.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1986, ni wọ́n bí Margrét Lára. (Ní Áísílándì, orúkọ àbísọ ni wọ́n ń pe èèyàn, ì báà jẹ́ ààrẹ, ohun tí mo ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Viðar ni bàbá rẹ̀.) Àárín àwọn tó padà wá tún ìlú kọ́ ló dàgbà sí. Bọ́ọ̀lù sì jẹ́ nǹkan ńlá ní erékùṣù yẹn. Ibẹ̀ ni Ásgeir Sigurvinsson ti jáde lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Stuttgart ní Jámánì. Ibẹ̀ náà ni Hermann Hreiðarsson ti wá, ẹni tí òun àti Kanu Nwankwo wa jọ wà ní Portsmouth lọ́dún 2008 tí ayò Kanu fún wọn ní ife ẹ̀yẹ FA. Ìlú tí kò tó àdúgbò kan ní Ìbàdàn! Ọmọbìnrin tó bá dàgbà sí irú ibẹ̀ kò ní rò pé àjèjì ni òun lórí pápá.

Síbẹ̀, ọ̀nà àwọn obìnrin kò tẹ́jú bí ti ọkùnrin. Ayé ń yin Áísílándì lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin ibẹ̀ pa iṣẹ́ tì, iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oṣù, kí ọkùnrin lè mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, Vigdís Finnbogadóttir di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ọdún 1981 ni ikọ̀ obìnrin Áísílándì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Skọ́tílándì ni wọ́n bá gbá, Skọ́tílándì sì nà wọ́n ní 3 sí 2. Nígbà tí wọ́n fi bí Margrét Lára, ikọ̀ tí yóò sọ di olókìkí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2003 ló kọ́kọ́ wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Họ́ngárì ni wọ́n ń bá gbá, Helena Ólafsdóttir ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, orí ìjókòó àwọn tó ń dúró láti rọ́pò ẹlòmíràn ló sì wà. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ní 2005 ó kúrò ní erékùṣù, ó lọ sí Valur ní Reykjavík. Ibẹ̀ ló ti pàdé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní ipa jù lọ lórí iṣẹ́ rẹ̀, Elísabet Gunnarsdóttir, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Òun yìí kan náà ló ń darí ikọ̀ obìnrin Bẹ́ljíọ̀mù láti 2025. Valur gba ife líìgì ní 2006, ní 2007 àti ní 2008, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún ń lọ sí ìdíje àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí à ń pè ní Champions League lónìí, ní ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti máa ń fìyà jẹ wọ́n. Turbine Potsdam láti Jámánì kò ṣàánú wọn rárá. Ẹni tó kàn gba ìyà nìkan yóò ti sá. Margrét Lára ní tirẹ̀, nínú ìdíje ti 2008 sí 2009, òun ló jẹ ayò jù lọ ní gbogbo Yúróòpù, ayò 14, láti inú líìgì tí òjò dídì máa ń tì pa láti ìgbà ìwọ́wé títí di oṣù Karùn-ún.

Ọdún 2007 ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí Duisburg ní Jámánì fún ìgbà díẹ̀, kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi padà sílé. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 tó wà nínú líìgì ọdún yẹn, ayò 38 ló jẹ. Ó ju méjì lọ ní ìjáde kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ iye bẹ́ẹ̀ rí ní líìgì wọn ṣáájú rẹ̀. Àárín sáà yẹn ni Faransé wá sí pápá Laugardalsvöllur ní Reykjavík, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, fún ìdíje àtilọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ti 2009 ní Fínlándì. Faransé ò rò pé ewu wà. Wọ́n gbá a títí, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí, Margrét Lára gbá ẹyọ kan wọlé, ẹyọ náà ló sì parí eré. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé àwọn obìnrin yìí lè débì kan. Nígbà tí ọdún parí, àwọn oníròyìn eré ìdárayá yàn án ní eléré ìdárayá tó ta gbogbo Áísílándì yọ, àwọn ọkùnrin tó ń gbowó gọbọi ní Ẹ́ńgílándì àti Sípéènì wà lára àwọn tó fi sẹ́yìn. Kò sí obìnrin agbábọ́ọ̀lù tó gba oyè yẹn rí kó tó kàn án.

Bí wọ́n ṣe wá dé Fínlándì gan-an yẹ ní sísọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2008, báńkì mẹ́ta tó tóbi jù ní Áísílándì wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Owó ìlú di yẹpẹ, àwọn èèyàn ń pàdánù iṣẹ́ àti ilé. Ní òpin oṣù yẹn gan-an ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣeyanjú pẹ̀lú Áyálándì bọ́ sí. Wọ́n ti ta ọ̀mì 1 sí 1 ní Dublin. Ní Reykjavík, pápá ti dì bíi yìnyín, bọ́ọ̀lù ń yọ̀, ẹsẹ̀ ń yọ̀, àwọn àlejò sì ń fi ẹ̀hónú hàn pé kò yẹ kí wọ́n gbá a. Wọ́n gbá a. Áísílándì jẹ 3 sí òdo. Bí ikọ̀ bọ́ọ̀lù Áísílándì kan ṣe kọ́kọ́ wọ ìdíje àgbà nìyẹn, ní oṣù tí ìlú kò ní ohun ayọ̀ kankan lọ́wọ́ mọ́. Sigurður Ragnar Eyjólfsson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Katrín Jónsdóttir ni balógun ikọ̀; dókítà oníṣègùn ni, àárín iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló ti ń wá àyè gbá bọ́ọ̀lù.

Fínlándì kò dára fún wọn. Faransé tí wọ́n ti nà ní 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, Faransé sì gbẹ̀san pẹ̀lú 3 sí 1. Hólmfríður ló jẹ ẹyọ kan náà. Margrét Lára gbá pẹnárítì lọ́jọ́ yẹn, Sarah Bouhaddi tó ń ṣọ́lé fún Faransé sì mú un. Nọ́wè nà wọ́n ní 1 sí òdo, Jámánì nà wọ́n ní 1 sí òdo. Wọ́n padà sílé láìní àmì kan ṣoṣo. Ẹni tí gbogbo ìlú gbójú lé, tí ayò rẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀, kò jẹ kankan ní ibi tí ayé ti ń wò ó. Mo rò pé kò sí ohun tó wúwo fún atamátàsé bí èyí, nítorí pé aṣọ́lé lè pín ẹ̀bi pẹ̀lú àwọn ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbá pẹnárítì, òun nìkan ló dúró níbẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ló kó lọ sí Swídìn. Ó kọ́kọ́ dé Linköping, kí ọdún tó parí ó ti wà ní Kristianstad, ìlú kékeré kan ní gúúsù Swídìn, lọ́dọ̀ Elísabet tó ti kó lọ síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Líìgì Swídìn ìgbà náà kò ṣàjèjì sí àwọn obìnrin tiwa: Rita Chikwelu wà ní Umeå láti 2010, ó sì wá gbá bọ́ọ̀lù fún Kristianstad fúnra rẹ̀ láti 2017. Margrét Lára bá àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù ní ayé wọ̀dìmú níbẹ̀. Ní 2011, ayò 16 ló jẹ, òun ló ṣáájú gbogbo atamátàsé líìgì náà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó ló ń gbá fún. Kristianstad kò ní ohun tí Malmö tàbí Umeå ní, bọ́ọ̀lù tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ohun tó bá sì dé ló ń lò. Nínú gbogbo ohun tó ṣe ní iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni mo fi ṣáájú, ó tilẹ̀ ju 38 ti Valur lọ lójú mi.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ara rẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti ń dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Atamátàsé tó ń fi eré sísá yọ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yìn, ẹ̀yìn itan yẹn gan-an ni gbogbo agbára rẹ̀ wà: òun ló fi ń bẹ́ síwájú, òun ló fi ń yára dúró, òun ló fi ń yí padà. Nígbà tí ibẹ̀ bá ń ro èèyàn, kó tó gbé ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rù ìgbésẹ̀ tó kàn. Ìrora yẹn kì í ṣe èyí tó ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Òun ló ń jí sí, òun ló ń sùn tì. Nígbà tó lọ sí Turbine Potsdam ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, ẹgbẹ́ kan náà tó ti fìyà jẹ Valur, níbi tí Genoveva Añonma láti Equatorial Guinea ti ń jẹ ayò bí ẹni ń jẹ̀kọ, ara kò gbà fún un láti ṣe bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ọdún náà tó pé ìdajì, ó ti padà sí Kristianstad.

Nítorí náà, nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ti 2013 bẹ̀rẹ̀ ní Swídìn, kì í ṣe ọmọbìnrin ọdún 2007 ló wọ pápá ní Kalmar ní ọjọ́ 11 oṣù Keje. Nọ́wè ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, Nọ́wè tí yóò dé àṣekágbá ìdíje náà. Kristine Wigdahl Hegland ti jẹ ẹyọ kan fún wọn láti ìlàjì àkọ́kọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, rẹfirí fún Áísílándì ní pẹnárítì, Margrét Lára ló sì gbé bọ́ọ̀lù.

Ẹ rántí Bouhaddi. Ẹ rántí pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbá ní 2009, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pàdánù. Ẹlòmíràn lè ti fà á lé ọwọ́ ẹni tí kò ní ìtàn. Ó gbá a, ó wọlé. 1 sí 1, àmì àkọ́kọ́ tí Áísílándì ní nínú ìdíje àgbà nínú gbogbo ìtàn bọ́ọ̀lù wọn. Jámánì nà wọ́n ní 3 sí òdo lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n Dagný Brynjarsdóttir fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n sì na Nẹ́dálándì ní 1 sí òdo. Wọ́n bọ́ sí àárín àwọn mẹ́jọ tó kù. Swídìn tó gbàlejò fi 4 sí òdo lé wọn lọ sílé.

Ní 2014 ó bímọ ọkùnrin. Àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù mọ ohun tí èyí ń gbà, pàápàá ẹni tí itan rẹ̀ kò ti ṣe déédéé tẹ́lẹ̀. Ní 2015 ó ti padà sórí pápá ní Kristianstad, ó padà sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kó wọlé sí Valur ní 2016. Áísílándì ṣáájú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n gba ìwé ìrìnnà sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ti 2017 ní Nẹ́dálándì. Ìgbà yẹn ni orúnkún rẹ̀ já, ó ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i: àbúrò rẹ̀ obìnrin, Elísa, tó jẹ́ ẹ̀yìn nínú ikọ̀ kan náà, ti fi orúnkún pa ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ìyá méjì, orúnkún méjì, ìdíje kan náà. Ilé ni wọ́n ti wo gbogbo rẹ̀.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí orúnkún rẹ̀ já kì í sábà padà. Ó padà. Ní 2019 òun àti Elísa jọ gba ife líìgì pẹ̀lú Valur, ife tí ẹgbẹ́ náà kò rí gbà láti 2010. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Áísílándì lọ bá Látífíà gbá nílé wọn, wọ́n sì nà wọ́n ní 6 sí òdo. Orí ìjókòó ló ti wọlé lọ́jọ́ náà bíi ti ọjọ́ Họ́ngárì, òun ló sì jẹ ayò tó gbẹ̀yìn, ìkọkàndínlọ́gọ́rin. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ló kéde pé òun ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ló kọ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ yẹn ló sì gbájú mọ́. Lọ́dún 2018, nígbà tó ṣì ń tọ́jú orúnkún rẹ̀, àjọ bọ́ọ̀lù Áísílándì kéde pé owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ń san fún ikọ̀ obìnrin yóò bá ti ọkùnrin dọ́gba. Àwọn obìnrin náà ti dé ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní 2022 àti 2025 láìsí Margrét Lára. Sveindís Jane Jónsdóttir ló ń sá eré níwájú báyìí, ó lágbára, ó sì ti gba ife ní Wolfsburg. Ayò tó ku fún un láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ṣì pọ̀ gan-an.